Alájà Gbálẹ̀ Dé Dẹ́ńmáàkì

Níbi àdúà ọjọ́ kẹjọ ìyá bàbá mi, Alájà Àmínátù, ẹ̀rín pa wá débi pé Àfáà ní láti dá wáàsí dúró. Kì í ṣe pé inú wa kò bàjẹ́ o. Ojú tèmi ti wú láti àárọ̀ bí ẹni tí agbọ́n ta. Àfáà ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ fà á. Ó ní kí ẹni tó bá mọ ohun rere kan tí olóògbé ṣe dìde sọ ọ́, kí gbogbo wa lè ṣe àmín sí i. Obìnrin kan tó kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán lọ́dọ̀ Alájà nígbà kan rí dìde láàárín àwọn obìnrin, ó tún ìborùn rẹ̀ ṣe, ó ní, "Alájà wọkọ̀ òfurufú lọ sí ìlú òyìnbó, ó débẹ̀, ó gbálẹ̀ fún wọn." Ó bá jókòó. Gbogbo agboolé wa ní Gàmbàrí bú sẹ́rìn-ín, Àfáà pàápàá fi etí láwàní bo ẹnu.

Èmi Sẹ́kínà, ọmọ ọmọ rẹ̀, ni mò ń kọ ọ̀rọ̀ yìí. Èmi ni akọ̀wé rẹ̀, èmi ni ògbufọ̀ rẹ̀, èmi ni mo máa ń bá a tan kọ̀ǹpútà, èmi náà ni mo sì máa ń jẹ èébú nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì bá lọ, àfi bí ẹni pé èmi ni mo gbé e mì. Mi ò ní ròyìn ọdún tí wọ́n bí i àti ibi tó ti kàwé. Àwọn ọmọ rẹ̀ ti tẹ ìyẹn sínú ìwé pẹlẹbẹ tí wọ́n pín níbi àdúà. Fọ́tò tí wọ́n fi síwájú ìwé náà kò jọ ọ́ rárá, nítorí ẹnu rẹ̀ pa dé nínú rẹ̀.

Ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ ni Alájà dá sílẹ̀ ní àdúgbò Ṣàngó, ní Ìlọrin níbí. Sẹ́ńtà ni gbogbo ìlú ń pè é. Wọ́n ń kọ́ aṣọ rírán níbẹ̀, wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ káfíńtà àti wẹ́dà, wọ́n sì ń kọ́ híhun aṣọ òfì tí Ìlọrin fi ń yangàn. Ohun tó máa ń bí i nínú jù ni kí òbí mú ọmọ wá, kí ó sì wí pé, "Alájà, ìwé ò wọ orí ẹ̀ ni, ẹ bá wa fi iṣẹ́ ọwọ́ dá a dúró." Á ní kí wọ́n mú ọmọ náà padà sílé, kí wọ́n lọ tún ọ̀rọ̀ náà rò kí wọ́n tó padà wá. Mo ti rí bàbá kan tó lọ tó bọ̀ lẹ́ẹ̀mejì kó tó mọ ohun tó yẹ kó wí. Alájà á tẹ̀lé wọn dé ẹnu géètì, á máa wí pé, "Ṣé ààtàn ni Sẹ́ńtà mi ni, tí ẹ fi ń wá da ohun tí ẹ ò fẹ́ síbẹ̀?"

Ojú rẹ̀ kì í kúrò lára iṣẹ́. Ní yídì ọdún Iléyá kan, mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lórí ẹní. Bí a ṣe sálámà tán báyìí, kò tíì na ọwọ́ sókè fún àdúà tó fi fa etí aṣọ obìnrin tó wà níwájú wa, ó yí i padà, ó ń wo abẹ́ rẹ̀. Obìnrin náà yíjú padà, ó rò pé olè ni. Alájà kí i kú ọdún tẹ̀rín-tẹ̀rín. Ó ní, "Àdúà yín á gbà, ìnṣà Allah, ṣùgbọ́n etí aṣọ yìí máa tú."

Ìfẹ́ ọkàn rẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ báyìí, nítorí òun ni gbogbo ìyókù dá lé lórí. Ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ púpọ̀ ló ń wá àjọṣepọ̀ pẹ̀lú ti òkè òkun. Ohun tí wọ́n sábà máa ń fẹ́ ni kí òyìnbó wá kọ́ wọn, tàbí kí ó kó ọmọ wọn lọ. Alájà ní kò burú, kí tiwa náà lọ. Ṣùgbọ́n ó fẹ́ kí ọmọ òkè òkun kan, ẹyọ kan péré, wá sí Ìlọrin, kó kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ wa láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kó sì gba fíríídọ̀mù bíi ti gbogbo ọmọ iṣẹ́. Ó fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ rí i kí ó tó kú. Bí wọ́n bá bi í pé kí nìdí, ìdáhùn rẹ̀ kì í yàtọ̀: "Àjọjẹ ò dùn bẹ́nìkan ò ní. Ẹni tó ń gbà nìkan, tí kò fúnni, alágbe ni, ì báà wọ léèsì."

Bí a ṣe rí ilé-ẹ̀kọ́ kan ní ìlú Dẹ́ńmáàkì nìyẹn, tí wọ́n ń kọ́ iṣẹ́ káfíńtà àti aṣọ híhun bíi tiwa. Jens ni orúkọ ọ̀gá wọn. Ọkùnrin gíga, onísùúrù, tó máa ń rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí eyín ń dùn. Ìpàdé orí Súùmù la fi bẹ̀rẹ̀, èyí tí kò gbówó lọ́wọ́ wa, tó jẹ́ pé bí àkókò ọ̀fẹ́ bá ti pé, á pa fúnra rẹ̀. Alájà bẹ̀rẹ̀ sí í kí Jens. Ó kí i kú àárọ̀, ó kí i kú òtútù, ó béèrè ìyá rẹ̀, ó béèrè ìyàwó, ó béèrè àwọn ọmọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó gbàdúrà fún orúnkún ìyá rẹ̀ nígbà tí Jens ṣèèṣì wí pé ó ń dùn ún. Mò ń túmọ̀, òógùn ń bò mí. Nígbà tó fi máa ní, "Ó dáa, ẹ jẹ́ ká wá sórí ọ̀rọ̀," fídíò ti pa.

Ohun kan náà ló ṣẹlẹ̀ nípàdé kejì, ìyá Jens sì jẹ àǹfààní àdúà míì. Mo ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ ká gé ìkíni kúrú." Ó wò mí bí ẹni tó bú Ànábì. Ó ní, "Sẹ́kínà, tí mi ò bá mọ bí ilé ẹni ṣe rí, kí ni mo fẹ́ bá a dòwò pọ̀ lé lórí?"

Ọ̀rọ̀ orúkọ tún wà níbẹ̀. Ní ìlú wọn lọ́hùn-ún, orúkọ làwọn èèyàn fi ń pe ara wọn, àti ọmọdé àti àgbà. Jens yọjú lọ́jọ́ kan, inú rẹ̀ dùn, ó ní, "Àmínátù! Báwo ni?" Alájà yí ojú ká yàrá, ó wo ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn. Ó bi mí pé ta ló ń pe orúkọ òun, ṣebí ìyá òun ti kú. Mo ṣàlàyé fún Jens. Ọkùnrin náà pọ́n wẹ̀ẹ̀ bí tòmátò, ó ní kí òun máa pè é ní kí ni. Alájà gbà kí ó máa pe òun ní Alájà, òun náà á sì máa pè é ní Ọ̀gá Jens. Ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa o, ẹ má jẹ́ kó tàn yín. Ṣùgbọ́n nígbà tó mọ̀ pé Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe èdè abínibí Jens náà, ó kọ̀ láti sọ ọ́ nípàdé. Ó ní kí Jens máa wá Gẹ̀ẹ́sì tirẹ̀, kí òun máa dúró de ògbufọ̀, "kí ìyà lè jẹ wá dọ́gba."

Ìjà rẹ̀ tó le jù, àbúrò bàbá mi ló bá a jà. Búọ̀dá Sàlíù ń kọ́ni ní yunifásítì, ó sì ń tijú púpọ̀ lójú àlejò. Nígbà tí ìwé àdéhùn àkọ́kọ́ dé láti Dẹ́ńmáàkì, ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé àwọn olùkọ́ wọn á wá dá tiwa lẹ́kọ̀ọ́, wọ́n á sì gba ọmọ wa kan sí iṣẹ́ káfíńtà. A ti yan Gàníyù, ọmọ ìyá kan tó ń ta bọ́tìnnì àti òwú ní àdúgbò Post Office. Búọ̀dá Sàlíù ti gbé bírò lé Alájà lọ́wọ́. Alájà ka ìwé náà dé ìsàlẹ̀, ó dá bírò padà.

"Níbo ni wọ́n ti sọ pé ọmọ tiwọn ń bọ̀?"

"Alájà, ẹ jọ̀ọ́. Kí lọmọ Dẹ́ńmáàkì fẹ́ wá kọ́ ní Ṣàngó?"

Háà! Mo rọra kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Alájà kò pariwo. Ó dìde, ó lọ mú aṣọ òfì kan jáde láti inú àpótí, èyí tí Bàbá Òfì, ọ̀gá àwọn ahunṣọ wa, hun. Ó tẹ́ ẹ sórí itan ọmọ rẹ̀, ó ní kó hun irú rẹ̀ wá lọ́la. Búọ̀dá Sàlíù rẹ́rìn-ín, kò mọ ìgbà tó rẹ́rìn-ín. A dá ìwé náà padà sí Jens. Sí ìyàlẹ́nu gbogbo wa, kò bínú. Ó ní òun kò tíì rò ó bẹ́ẹ̀ rí, òun á béèrè lọ́wọ́ àwọn ọmọ tó ń kọ́ aṣọ híhun. Ọ̀kan nínú wọn na ọwọ́ sókè lójú ẹsẹ̀. Mette ni orúkọ rẹ̀. Inú Alájà dùn débi pé ó pe Búọ̀dá Sàlíù lórí fóònù, ó kí i kú ọ̀sán, ó ní, "Ọmọ tí o ní kò ní wá, ó ń béèrè irú bàtà tó yẹ kó wọ̀ bọ̀."

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé nílẹ̀ wa, ọmọ iṣẹ́ kì í dá ara rẹ̀ lọ bá ọ̀gá. Òbí ló ń mú un wá, á fà á lé ọ̀gá lọ́wọ́. Bó bá di ọjọ́ fíríídọ̀mù, ẹni tó fà á lé ọ̀gá lọ́wọ́ náà ló ń wá gbà á. Jens ní Mette ti dàgbà, kò nílò kí òbí tẹ̀lé e. Alájà ní, "Bó bá ń sunkún, ta ni kí n pè?" Kò gbà. Bí bàbá àti ìyá Mette ṣe wá sí Ìlọrin nìyẹn, tí wọ́n jókòó sórí kápẹ́ẹ̀tì ní agboolé wa ní Gàmbàrí, tí àwọn ìyá àgbà yí wọn ká, tí Àfáà náà wà níbẹ̀. Alájà ń ṣe ìwádìí. Ó bi bàbá Mette pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe.

Ọkùnrin náà dáhùn. Orí mi gbóná. Mo túmọ̀ pé, "Ó ń sin ẹran."

Alájà ní, "Màáṣá Allah. Ẹran wo?"

Mo wo Àfáà, mo wo ilẹ̀. Mo ní, "Ẹran... ẹran ilé."

"Sẹ́kínà."

"Ẹlẹ́dẹ̀ ni, Ìyá."

Ìyá àgbà kan fa ẹsẹ̀ sẹ́yìn. Bàbá Mette ń rẹ́rìn-ín sí gbogbo wa, inú rẹ̀ dùn, ó ń mú fọ́tò jáde nínú fóònù rẹ̀ láti fi àwọn ẹlẹ́dẹ̀ náà hàn wá. Mo bẹ Ọlọ́run kí iná lọ. Alájà gba fóònù náà, ó wo fọ́tò, ó wò ó pẹ́, ó tún wo ọmọbìnrin náà tó kúnlẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ nítorí pé mo ti kọ́ ọ. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí àwọn ìyá àgbà. Ó ní, "Ẹni tó lè tọ́ ẹlẹ́dẹ̀ kó mọ́ báyìí, ẹ ò rò pé á ti tọ́ ọmọ rẹ̀?" Àfáà ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ìyá Mette fa ọmọ rẹ̀ lé Alájà lọ́wọ́, omi bọ́ lójú rẹ̀, Alájà sì fi etí ìborùn ara rẹ̀ nù ún.

Wàyí o, ìgbálẹ̀. Ní Sẹ́ńtà, kí ọmọ iṣẹ́ tuntun tó fọwọ́ kan òfì, ilẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ máa gbá. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é. Ẹni tó ń gbálẹ̀ ló ń mọ ẹni tí òwú rẹ̀ ń já, ẹni tó ń fi nǹkan ṣòfò, àti ibi tí ohun èlò kọ̀ọ̀kan ń sùn. Ẹnì kan kì í sọ ìdí fún un. Lọ́jọ́ tí ọ̀gá bá wo ilẹ̀ tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, á rìn lọ bá ọmọ iṣẹ́ náà níbi tó ti ń gbá, á gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Gbígbà yẹn ni ìgbani-síṣẹ́. Ọmọ náà á lọ jókòó sídìí òfì.

Alájà fún Mette ní ìgbálẹ̀. Búọ̀dá Sàlíù fọwọ́ lérí. "Ẹ fún ọmọ olọ́mọ ní àga, Alájà!" Alájà ní bí òun bá fún un ní àga, àlejò ló máa jẹ́ títí tó fi máa lọ, ọmọ iṣẹ́ ni òun sì bá bàbá rẹ̀ sọ pé òun gbà. Ibi tí nǹkan ti wá bàjẹ́ ni pé àánú Mette ṣe àwọn obìnrin Sẹ́ńtà. Ọmọ àlejò ń gbálẹ̀ kẹ̀? Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tètè dé, wọ́n á ti bá a gbá èyí tó pọ̀ jù kó tó jí. Ọmọ náà á kàn gbá ìyókù, á dúpẹ́. Alájà á wá wo ilẹ̀, á mi orí. Ó mọ ọwọ́ gbogbo wa lára ilẹ̀. Á ní, "Kì í ṣe òun ló gbá èyí," á sì yí padà lọ. Bí àwọn obìnrin ṣe ń ṣàánú Mette, bẹ́ẹ̀ ni ìgbálẹ̀ ń pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wállàhì, ẹ̀rín ni mò ń rín bí mo ṣe ń kọ ọ́, ṣùgbọ́n kò pa wá lẹ́rìn-ín nígbà náà.

Nítorí Mette ń kọ ìròyìn ránṣẹ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀. Ọmọ olóòótọ́ ni, ohun tó ṣe ló ń kọ: mo gbálẹ̀. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e: mo gbálẹ̀. Jens kọ ímeèlì kan sí wa tí kò ní ẹ̀rín músẹ́ nínú. Ó ní akẹ́kọ̀ọ́ àwọn wá kọ́ aṣọ híhun, kò wá ṣe ọmọ ọ̀dọ̀. Ó ní kí á múra láti dá a padà, kí Gàníyù náà dúró ná, àjọṣepọ̀ dúró ná. Mo ka ìwé náà fún Alájà. Kò jẹun lọ́jọ́ náà. Ó jókòó sórí ẹní ìrun, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó sì rí kékeré sí mi. N kò rí i bẹ́ẹ̀ rí, ẹ̀rù bà mí gan-an. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ Mette nìkan. Bí ọmọ náà bá lọ báyìí, ìròyìn tí á kù nílẹ̀ ni pé a kò mọ bí a ṣe ń kọ́ ọmọ níṣẹ́. Lẹ́yìn ìrun àṣálẹ́, ó pè mí. Ó ní, "Wọ́n ti ní ká wá wo ilé wọn tẹ́lẹ̀, àbí? Lọ wá físà."

A dé Dẹ́ńmáàkì nínú òtútù tí n kò lè fi wé nǹkan kan. Alájà wọ híjáàbù méjì léra, ó wọ ìbọ̀sẹ̀ bàbá mi, ó sì ń kí gbogbo ẹni tó bá pàdé lọ́nà. Àárọ̀ la máa ṣèpàdé. Jens ti kó àwọn èèyàn rẹ̀ jọ, wọ́n ti to àga, wọ́n ti gbé kọfí sórí tábìlì, ojú gbogbo wọn le. A wá Alájà tì. Mo sáré káàkiri ilé-ẹ̀kọ́ náà, mo ń pe "Ìyá! Ìyá!" nínú ilé tó dákẹ́ bí ibi ìsìnkú, títí mo fi gbọ́ ìró ìgbálẹ̀.

Inú ilé iṣẹ́ káfíńtà ló wà. Ó ti rí ìgbálẹ̀ wọn, èyí tó ní igi gígùn, tó yẹ kí èèyàn dúró gbọnrangandan fi gbá. Alájà kò mọ ìyẹn. Ó há igi náà sí abẹ́ apá, ó di ìdí rẹ̀ mú, ó tẹ̀ mọ́lẹ̀ bí a ṣe ń gbálẹ̀ nílé, ó ń gbá èérún pákó jọ láti abẹ́ tábìlì kan sí òmíràn. Igi gígùn náà ń yọ síta lẹ́yìn rẹ̀, ó ń gbá nǹkan ṣubú. Àwọn ọmọ Dẹ́ńmáàkì dúró sí ẹnu ọ̀nà, wọ́n la ẹnu, kò sẹ́ni tó mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Jens sáré dé. Ó ń bẹ̀bẹ̀, ó ń wí pé, "A ní ẹ̀rọ tó ń ṣe é, Alájà, ẹ jọ̀ọ́, Alájà." Ojú ń tì í. Ó na ọwọ́, ó gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Alájà nà tán. Ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ tó ṣófo, ó wo ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ Jens, ó pàtẹ́wọ́, ó hó bí ọmọdé. "Ó ti gbà á! Sẹ́kínà, ṣé o rí i? Ó ti gbà mí síṣẹ́! Mi ò pẹ́ rárá!" Ó lọ jókòó nídìí tábìlì káfíńtà, ó ká apá aṣọ sókè, ó ní kí Jens bẹ̀rẹ̀.

Mo rẹ́rìn-ín títí ikùn fi ń dùn mí kí n tó lè túmọ̀. Mo ṣàlàyé ohun gbogbo fún Jens, ìdí ìgbálẹ̀, àti gbígbà rẹ̀, àti àwọn obìnrin aláàánú wa tó ba nǹkan jẹ́. Ó dúró síbẹ̀, ìgbálẹ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ̀yin ni ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, ẹ wá gbálẹ̀ fún mi?" Alájà fi Gẹ̀ẹ́sì dá a lóhùn fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ní ibi tí òun bá ti jẹ́ àjèjì, ọmọ iṣẹ́ ni òun. Jens fa àga, ó kọ́ ọ bí a ṣe ń fá pákó. Wọ́n gbàgbé ìpàdé, kọfí tutù. Orí tábìlì yẹn, láàárín èérún pákó, ni wọ́n ti tún ìwé àdéhùn kọ. Jens bẹ̀ ẹ́ pé lọ́dọ̀ tàwọn, wọ́n máa ń sọ ìdí ohun tí ọmọ ń ṣe fún un kó tó bẹ̀rẹ̀, kí àwa náà jọ̀ọ́ gbìyànjú rẹ̀ wò. Alájà rò ó. Ó ní, "Ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn. Mo gbà á."

A padà wálé. Ó pe Mette, ó sọ ìdí fún un, ó sì lé àwọn obìnrin kúrò nídìí ilẹ̀ ọmọ náà. Kò pẹ́ tó fi rìn lọ bá a láàárọ̀ ọjọ́ kan, tó gba ìgbálẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Mette sunkún, Bàbá Òfì ti tẹ́ tìmùtìmù sórí àga fún un. Gàníyù wọkọ̀ òfurufú. Ọmọ òkè òkun kan ń kọ́ṣẹ́ ní Ṣàngó, ó ń bú ọ̀kọ̀, igi tó ń gbé òwú kọjá nínú òfì, ní Yorùbá, ó ń béèrè ata sí i. Ojoojúmọ́ ni Alájà ń lọ dúró lẹ́nu ọ̀nà láti wò ó. Á ní òun ń kọjá ni.

Ó kù fíríídọ̀mù. Lẹ́yìn Ìtùnú Ààwẹ̀ ni ara rẹ̀ kò yá, àìsàn náà kò sì pẹ́. Ó kú kí ọjọ́ náà tó pé. Ó dùn mí, ó ṣì ń dùn mí. Ohun kan ṣoṣo tó ń wá, ó kù díẹ̀ kí ọwọ́ rẹ̀ tẹ̀ ẹ́. Búọ̀dá Sàlíù, tó sunkún ju gbogbo wa lọ, ní kí á tẹ ìwé ẹ̀rí fún Mette kó máa lọ sílé. Mette ní òun kò lọ. Ó ní Alájà gba òun lọ́wọ́ òbí òun, àwọn òbí òun ló máa wá gba òun.

Wọ́n wá. Kò sí ẹni tó fi dandan mú wọn. Jens náà tẹ̀lé wọn, pẹ̀lú ẹ̀wù tó tóbi jù tí ó rà ní pápákọ̀ òfurufú. Mette kúnlẹ̀ nínú aṣọ òfì tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ hun. Bàbá Òfì gbàdúrà lé e lórí. Wọ́n ní kí èmi jókòó sí ipò Alájà, èmi tí n kò tíì kọ́ ẹnikẹ́ni níṣẹ́ rí. Mo di ọmọ náà lọ́wọ́ mú. Mo ní, "Ọmọ yín rèé. Ó ti mọṣẹ́. Ẹ gbà á." Ìyá rẹ̀ gbà á. Gbogbo Sẹ́ńtà hó yèè, bàbá ẹlẹ́dẹ̀ náà dì mọ́ Àfáà.

Nígbà tí ariwo rọlẹ̀, Jens dìde. Ó ní Gàníyù ti parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Dẹ́ńmáàkì, ó yege nínú ohun gbogbo, ìwé ẹ̀rí rẹ̀ sì wà lórí tábìlì òun. Òun kò tíì fún un. Òun sọ fún un pé kò sí ọmọ iṣẹ́ tó ń dá ara rẹ̀ gbà lọ́wọ́ ọ̀gá. Ó wo ojú gbogbo wa yíká. Ó ní, "Ta ló ń bọ̀ wá gbà á?"

Mo gbàgbé láti túmọ̀. Ìyá Gàníyù fà mí láṣọ, ó ní, "Kí ni wọ́n wí nípa ọmọ mi? Sẹ́kínà, kí ni wọ́n wí?" Mo sọ fún un. Kí n tó sọ ọ́ tán, ìyá náà, tí kò tíì rìn kọjá Ògbómọ̀ṣọ́ rí láyé rẹ̀, ti dìde, ó ń wá bàtà rẹ̀ lábẹ́ àga.